Ẹni Tí Ìlẹ̀kùn Ń Kà Mọ́ Wa

“Gbé ẹsẹ̀ kan” ni mo tẹ̀. Òjìji gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró dè mí.

Mo tún un tẹ̀, ó tún gbé òmíràn. Bí àwa méjèèjì ṣe ń bá a bọ̀ láti àárọ̀ nìyẹn, ẹsẹ̀ kan, ìdúró kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fa arúgbó lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta tí òjò pa. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ tiwọn ń wo ara rẹ̀ sàn, wọn á kàn jókòó ti í, wọn á máa jẹ ẹ̀pà. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n kí Ọládòkun tó dé.

“Màmá Òjìji, ṣé ẹ ti rí i?”

Bùràímọ̀ ló ń bi mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó rọ síwájú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ lé orí itan. Òun ló ń rán bàtà fún gbogbo ìlú Abẹ́-Àpáta, òun nìkan ló sì ṣì ń gun òkè wá kí mi láti ìgbà tí Láoyè ọkọ mi ti ṣaláìsí. Lónìí, ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá. Mọ́ínmọ́ín náà ti tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí ọ̀nà tí ẹlòmíràn ń sáré gùn, díẹ̀díẹ̀ ni Bùràímọ̀ ń gbà á.

“Tí mo bá ti rí i, ṣé o ò ní gbọ́ ariwo?”

“Ariwo wo? Ẹ̀yin? Bí ilé bá ń jó, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ bi iná pé ibo ló gbà wọlé.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti pa mí lẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn. Ẹ̀rín náà kan ògiri, ó padà wá bá mi, ojú sì tì mí, bí ẹni tó gbàgbé ara rẹ̀ nílé ọ̀fọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Lọ́jọ́ ìdánrawò, nígbà tí fèrè dún, gbogbo ìlú rọ́ wọ abẹ́ àpáta, bí a ṣe gbọ́dọ̀ ṣe kí oòrùn apààyàn tó dé. Bùràímọ̀ ló kẹ́yìn. Òun ló máa ń kẹ́yìn. Ó ku díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ kan irin ni ìlẹ̀kùn pa dé mọ́ ọn lójú. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tó fi jẹ́ ìdánrawò. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n bá a níbi tó jókòó sí, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ni ìgbìmọ̀ wá sọ? Wọ́n ní Aṣọ́nà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn, kì í ṣìṣe. Nǹkan méjì péré ló lè mú un ti ìlẹ̀kùn: yálà kí gbogbo wa ti wọlé pé, tàbí kí ooru ìta ti kọjá ààlà. Bùràímọ̀ ṣì wà níta, a ò tíì pé nìyẹn. Wọ́n ní á jẹ́ pé ooru ló kọjá ààlà, ẹsẹ̀ Bùràímọ̀ ló sì fà á. Òfin sọ pé ẹni tó bá dá ìlẹ̀kùn dúró títí ooru fi kọjá ààlà ti pàdánù àyè rẹ̀ lábẹ́ àpáta. Ẹsẹ̀-Odò ni wọ́n ń kó irú wọn lọ, níbi tí kò sí nǹkan kan lórí ẹni ju tapólì lọ. Mi ò tíì rí ẹni tó lọ síbẹ̀ nígbà ooru tó padà wá ròyìn. Ọ̀la ni fèrè gidi máa dún. Ọ̀sán òní ni Ọládòkun, olórí ìgbìmọ̀ ìlẹ̀kùn, máa wá gbọ́ èsì lẹ́nu mi, bí mi ò bá sì ní èsì, òun ló máa mú Bùràímọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ẹsẹ̀-Odò.

Ọpọlọ Aṣọ́nà kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Òun nìkan ló kù nínú irú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é ti kú, òkun ti bo ilé iṣẹ́ wọn. Nítorí náà, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, èèwọ̀ ni kí wọ́n dá a dúró láti bi í ní ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á gun òkè wá sí Ilé Òjìji, lọ́dọ̀ mi. Òjìji ni ẹ̀dà ọpọlọ náà tó wà nínú gíláàsì mi. Bí Aṣọ́nà ṣe ń ronú ni òun náà ń ronú, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀, àmọ́ kò ní ìlẹ̀kùn lọ́wọ́. O lè dá a dúró, o lè dá a padà sẹ́yìn, o lè yẹ inú rẹ̀ wò bí ìyá ṣe ń yẹ orí ọmọ wò nítorí iná orí. Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Mo ti fún un ní gbogbo ohun tí Aṣọ́nà rí lọ́jọ́ ìdánrawò. Mo kọ “Dúró síbí” sí ibi tí Aṣọ́nà ti ń pinnu láti ti ìlẹ̀kùn, mo wá tẹ “Máa lọ.” Ó lọ, ó sì dúró gẹ́lẹ́ níbi tí mo ní kó dúró. Ohun tí mo fẹ́ràn lára òjìji nìyẹn, kì í jiyàn.

Mo tẹ “Fi ooru hàn.”

Nọ́ńbà yọ. Mo fi ìṣẹ́tí aṣọ mi nu gíláàsì, mo tún un wò.

“Bùràímọ̀.”

“Màmá.”

“Ooru ò kọjá ààlà. Kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn.”

“Kí ló wá ti ìlẹ̀kùn?”

“Ó gbà pé a ti pé.”

“A ti pé kẹ̀? Èmi tí mo wà níta ńkọ́?” Ó mi orí. “Ta ló wá jókòó sí àyè mi?”

Láoyè ló kọ́ Aṣọ́nà ní gbogbo ohun tó mọ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lára ìlẹ̀kùn títí dòní, àwọn èèyàn sì máa ń fọwọ́ pa á bí wọ́n bá ń wọlé. Bí ẹ̀rọ bá ṣe àṣìṣe, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ: “Má bi í pé kí ló ṣe é. Bi í pé kí ló yí padà.” Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀ ni Aṣọ́nà ti ń kà wá wọlé láìṣì kà. Kí ló yí padà lọ́jọ́ ìdánrawò?

Bó ṣe ń kà ni pé kálukú á fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin, Aṣọ́nà á kí i, á fi í kún iye. Àgbà nìkan ló ń kà bẹ́ẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìlẹ̀kùn, àwọn ìyá fárígá pé ẹ̀rọ kankan ò ní máa nàka sí ọmọ àwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlú sì mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Láoyè wá fún ojúlé kọ̀ọ̀kan ní àpótí kan nínú ọpọlọ Aṣọ́nà. Òbí nìkan ló ń fi iye ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, òbí nìkan ló lè yí i padà. Bí ìyá bá ti fọwọ́ kan irin, ohun tó wà nínú àpótí rẹ̀ bá a wọlé nìyẹn. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọdọ̀ wo inú rẹ̀. Èmi pàápàá, bí mo bá débẹ̀ nínú òjìji, gíláàsì á ṣókùnkùn títí ìyá yẹn á fi kọjá. Iye gbogbo wa lápapọ̀ ló wà lọ́wọ́ ìlú: bí ìyá bá bí, wọ́n á fi kún un, bí a bá sin ẹnìkan, wọ́n á yọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

“Ta ló bímọ?” ni mo bi Bùràímọ̀. “Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ̀lú? Ta ló wọlé lọ́jọ́ yẹn tí kì í wọlé tẹ́lẹ̀?”

Ó ronú. Ẹsẹ̀ gbogbo ìlú ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. “Kò sẹ́ni tó bí. Kò sẹ́ni tó kó dé. Àlejò kan ṣoṣo tí mo rí tó wọ abẹ́ àpáta lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin ni.”

Ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Àmọ́ ọwọ́ mi dúró sójú kan.

Òótọ́ ló sọ. Èmi àti Láoyè kì í wọ abẹ́ àpáta mọ́. Bí fèrè bá dún, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tó wà nínú Ilé Òjìji ni a máa ń wọ̀, ìlú ò sì kà wá mọ́ àwọn tí ìlẹ̀kùn ń retí. Láoyè ní iṣẹ́ ni, pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ òjìji. Nísàlẹ̀ wa, àwọn èèyàn á máa kọrin, wọ́n á máa ta ayò, wọ́n á máa parí ìjà, wọ́n á máa fẹ́ ara wọn sọ́nà títí ooru á fi rọlẹ̀. Mo máa ń fi etí lélẹ̀ gbọ́ ọ. Ìgbà tí Láoyè kú ni òfin tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá wà lọ́jọ́ ooru wá lé èmi náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dá mi padà sínú iye, ọjọ́ ìdánrawò sì ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan irin yẹn lẹ́yìn ọdún gbọọrọ.

Aṣọ́nà sọ fún mi pé, “Ẹ káàbọ̀, ìyá Àníkẹ́.”

Bó ṣe ń kí gbogbo ìyá nìyẹn, orúkọ ọmọ ló ń pè. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò pe èmi bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí ibà ti mú Àníkẹ́ lọ, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Àánú ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n sọ mí di Màmá Òjìji kí wọ́n má baà máa fọwọ́ kan egbò. Mo sunkún láàárín èrò lọ́jọ́ yẹn, ẹkún tó dùn mọ́ mi, mi ò sì bi ara mi pé báwo ni ẹ̀rọ ṣe ṣì mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo máa ń bi iná léèrè ọ̀rọ̀.

“Bùràímọ̀, lọ jókòó níbòòji níta.”

“Ṣé mo sọ ohun tí kò dáa ni?”

“Rárá. Lọ jókòó.”

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó lọ. Mo tẹ “Padà sẹ́yìn” títí mo fi dé ibi tí ọwọ́ mi ti kan irin. “Gbé ẹsẹ̀ kan.” Òjìji fi mí kún iye. “Gbé ẹsẹ̀ kan.” Ó yà sí àpótí mi, gíláàsì ṣókùnkùn, ó ní kí ọlọ́mọ fi ìka rẹ̀ kàn án. Mo fi ìka mi kàn án. “Fi hàn.”

Ọ̀kan.

Mo wò ó títí omi fi bo ojú mi. Ìlú ti yọ ọmọ mi kúrò nínú iye wọn lọ́jọ́ tí a sin ín. Àpótí wa ni kò kan ìlú. Ta ló máa ní ẹnu tí á fi lọ bá òbí tó ń ṣọ̀fọ̀ pé kó wá yọ ọ̀kan kúrò? Láoyè ló yẹ kó yọ ọ́, kò sì yọ ọ́. Ó mọ̀ pé bí mo bá wọlé, ọmọ tí kò sí á bá mi wọlé, ẹni tó bá kẹ́yìn á sì wà níta. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́. Gbogbo ọdún tí mo fi dùbúlẹ̀ tí mò ń gbọ́ orin àwọn ẹlòmíràn lábẹ́ ilẹ̀, nítorí ọ̀kan yìí ni.

Inú bí mi sí i. Mo bú u, mo pè é ní òpùrọ́, nínú ilé tó jẹ́ èmi nìkan ló kù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi pé, ká ní èmi ni mo ni iṣẹ́ yẹn, ṣé màá yọ ọ́? Mi ò ní yọ ọ́. Mo sọ ọ́ tán.

Mo lè pa á rẹ́ ní kọ́lọ́fín kí Ọládòkun tó dé, àmọ́ kí ni mo máa wá fi hàn án? Mo lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí n máa sá pamọ́ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ títí n ó fi kú. Ọmọ mi á ṣì wà nínú àpótí, kò sì ní gba àyè ẹnikẹ́ni mọ́. Bùràímọ̀ á lọ sí Ẹsẹ̀-Odò bákan náà. Bí mo bá sì sọ ọ́, òfin ni pé ẹnu èmi tí mo ni àpótí ni mo máa fi sọ ohun tó wà níbẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, ẹnu mi náà ni mo máa fi sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, mi ò tíì fi ẹnu mi sọ ọ́ rí. “Àníkẹ́ ti lọ sinmi” ni mo máa ń sọ, tàbí kí n yí ọ̀rọ̀ padà.

“Màmá, ẹ̀kọ yín ń retí yín o!” Bùràímọ̀ kígbe láti ìta. “Mo ti jẹ mọ́ínmọ́ín kan níbẹ̀, ẹ má bínú!”

Ọ̀sán pọ́n kí Ọládòkun tó dé. Ẹ̀wù ẹ̀rọ amáratutù tó wọ̀ ń kùn bí oyin, ó sì kí Bùràímọ̀ láìwò ó lójú. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn gbà pé ohun tí ẹ̀rọ bá ti sọ, kò sí ẹjọ́ mọ́.

“Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ kú làálàá. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí mọ síbí. Aṣọ́nà kì í ṣìṣe.”

“Jókòó, kí o wo gíláàsì.”

Mo jẹ́ kí òjìji rìn lójú rẹ̀. Ó dúró níbi ìpinnu. Mo fi ooru hàn án. Ọládòkun tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó yọ aṣọ tó fi bo ojú nítorí eruku, ó tún un wò.

“A jẹ́ pé ẹnìkan lé nínú iye,” ló wí. “Ta ni?”

Mo tẹ “Padà sẹ́yìn.” Mo gbé e wá síbi ọwọ́ mi. Gíláàsì ṣókùnkùn, mo fi ìka mi kàn án, àpótí ṣí. Ọládòkun yára kọ ẹ̀yìn sí mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!”

“Èmi ni ọlọ́mọ,” ni mo wí. “Èmi ni mò ń kà á. Yíjú síbí, Ọládòkun, ẹlẹ́rìí ni ọ́.”

Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀.

“Ọ̀kan ló wà níbẹ̀. Àníkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Kò yẹ kí nǹkan kan wà níbẹ̀. Ọmọ mi ti kú.”

Ó ṣí fìlà.

“Ṣé Bàbá Láoyè mọ̀ nípa rẹ̀?” ló bi mí. “Àwọn tí orúkọ wọn wà lára ìlẹ̀kùn?”

“Bàbá Àníkẹ́ ni,” ni mo dá a lóhùn.

Mo tẹ “Pa á rẹ́.” Òjìji bi mí bóyá ó dá mi lójú. Láoyè ló fi ìbéèrè yẹn síbẹ̀, mo mọ ọwọ́ rẹ̀. Kò dá mi lójú, àmọ́ mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ọládòkun fi ìka tirẹ̀ kún tèmi gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, àtúnṣe náà gba wáyà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Aṣọ́nà. Mo wá tẹ “Máa lọ.” Nínú gíláàsì, ìlú tún wọlé, ọwọ́ lẹ́yìn ọwọ́, ìlẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀, ó ń dúró de ọwọ́ kan tó kù, títí mo fi fi ti Bùràímọ̀ kún un. Nígbà náà ló tó pa dé.

“Àyè Bùràímọ̀ ṣì wà,” ni Ọládòkun wí. Ó sọ ọ́ fún Bùràímọ̀ fúnra rẹ̀ bó ṣe ń jáde, ó sì wò ó lójú lọ́tẹ̀ yìí.

Nígbà tí mo jáde, Bùràímọ̀ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Fèrèsé ilé yẹn kì í dé dáadáa, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ká ewé ẹ̀kọ fún mi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, a sì jọ jókòó níbòòji títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kejì, fèrè dún. Mo tètè sọ̀ kalẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi kan irin.

“Ẹ káàbọ̀, Ìbírónkẹ́,” ni Aṣọ́nà wí.

Mo mọ̀ pé orúkọ èmi fúnra mi ló máa pè, síbẹ̀ ó gún mi. Mi ò fọwọ́ pa orúkọ Láoyè. Mo kọjá lọ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kan. Àwọn èèyàn ń kí mi, “Màmá Òjìji, ẹ kú ooru,” mo ń dá wọn lóhùn. Gbogbo wọn wọlé tán, wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ní. Ìlẹ̀kùn ò tì. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé, ó ń kan ojú wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé kí ló ń dúró dè. Ọládòkun dìde, ó ní kí wọ́n dákẹ́.

A wá gbọ́ ọ̀pá lórí òkúta. Ó pẹ́ kó tó dé. Bùràímọ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bò ó, ó fi ọwọ́ kan irin, Aṣọ́nà kí i káàbọ̀, ìlẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Àyè wà níwájú níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ta ayò, wọ́n sì ń pè é. Ó kọjá lára wọn, ó ń fẹsẹ̀ wọ́ bọ̀ títí ó fi dé ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì mi.

“Ìyá Àníkẹ́,” ló wí, sókè, kí gbogbo wọn lè gbọ́, “ẹ sún fún mi kí n jókòó.”

Mo sún fún un.